Agbẹjọ́rò ìjọba ní òun dúró lórí àdéhùn, ó wá pe ẹlẹ́rìí tó tako àdéhùn náà. Ṣé òfin gbà á?

Ẹ̀gbọ́nObìnrin kọ:

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ forí jì mí bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn. Ọjọ́ mẹ́fà rèé tí mi ò tíì sùn dáadáa, mi ò sì lè sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nítorí ẹnu àwọn èèyàn.

Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 29, ni wọ́n dájọ́ fún ní Ọjọ́rú tó kọjá ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ níbí ní Amẹ́ríkà. Jìbìtì ni ẹjọ́ náà. Mi ò ní fi bò. Àwọn kan tí wọ́n jọ wà ní yunifásítì ló ní kó jẹ́ kí owó máa gba inú àkáǹtì rẹ̀ kọjá, kó mú díẹ̀ níbẹ̀, kó fi ìyókù ránṣẹ́ síbi tí wọ́n bá ní kó fi í ránṣẹ́ sí. Ó ṣe é fún oṣù mọ́kànlá. Owó àwọn arúgbó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni èmi gan-an ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mò ń fún wọn lóúnjẹ. Nígbà tí mo gbọ́ ohun tó ṣe, odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀. Ó jẹ̀bi, òun náà sì ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun jẹ̀bi. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kó má lọ sẹ́wọ̀n.

Àdéhùn tí wọ́n bá a ṣe ló ń dùn mí. Ẹ̀sùn mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ fi kàn án: ìdìtẹ̀ láti lu jìbìtì, jìbìtì lọ́nà méjì, àti lílo orúkọ ẹni ẹlẹ́ni. Wọ́n ní bó bá gba ti ìdìtẹ̀ náà nìkan, àwọn á fa mẹ́ta yòókù sẹ́yìn. Ìwé àdéhùn náà jẹ́ ojú ewé 14. Lórí tábìlì ilé ìdáná mi la ti jọ kà á, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, tí èmi ń fi bírò fàlà sábẹ́ ohun tí kò bá yé wa. Ìpínrọ̀ kẹsàn-án sọ pé ìjọba àti àbúrò mi jọ gbà pé owó tó wà lọ́rùn rẹ̀ ju 150,000 dọ́là lọ, ṣùgbọ́n kò ju 250,000 lọ. Ìpínrọ̀ kẹwàá sọ pé ìjọba yóò dámọ̀ràn fún adájọ́ pé kó fún un ní ibi tó kéré jù lórí òṣùwọ̀n, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi ń ṣírò iye oṣù ẹ̀wọ̀n. Lọ́yà rẹ̀ ṣírò rẹ̀ fún wa, ó ní oṣù 15 sí 21 ni. Ibi tó kéré jù, oṣù 15. Torí oṣù 15 yẹn ló ṣe fọwọ́ sí i, tó yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ òun níwájú ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú méjìlá.

Nígbà tó yá, òṣìṣẹ́ probation, ìyẹn òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń wádìí ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n fẹ́ dájọ́ fún, kọ ìwé tirẹ̀ fún adájọ́, ó ka owó tó gba ọwọ́ àwọn yòókù kọjá mọ́ ti àbúrò mi, ó ní 612,000 dọ́là ni. Èyí gbé òṣùwọ̀n náà lọ sí oṣù 27 sí 33. Lọ́yà wa ní ká má bẹ̀rù, pé ìjọba ti fọwọ́ sí 250,000.

Lọ́jọ́ ìdájọ́, agbẹjọ́rò ìjọba tó fọwọ́ sí ìwé kò sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n ní ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ẹlòmíràn ló wá. Ó dìde, ó ní: "Ìjọba dúró lórí àdéhùn rẹ̀." Gbólóhùn kan péré. Ló bá tún ní ó yẹ kí kóòtù mọ gbogbo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn, ó sì pe ọtẹlẹ̀múyẹ́ kan síta láti jẹ́rìí. Ọtẹlẹ̀múyẹ́ yìí gbé nọ́ńbà kalẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n kóòtù, àkáǹtì yìí, àkáǹtì yẹn, títí ó fi ro ó pọ̀ di 612,000. Mo wo aago mi: ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún. Lẹ́yìn náà wọ́n ka lẹ́tà opó kan tí owó ìfẹ̀yìntì ọkọ rẹ̀ bá a lọ. Mo sunkún nígbà tí wọ́n ń ka lẹ́tà yẹn, mi ò lè purọ́. Adájọ́ ní òun gba ẹ̀rí ọtẹlẹ̀múyẹ́ gbọ́. Oṣù 33. Láti inú kóòtù ni wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mú un lọ.

Ìbéèrè mi nìyí. Bí ẹnì kan bá fẹnu sọ pé òun dúró lórí àdéhùn, tó wá fi odindi ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún wó ohun tó wà nínú àdéhùn náà, ṣé kò tíì yẹ àdéhùn? Lọ́yà ní kò sí ohun tí a lè ṣe nítorí pé àbúrò mi fọwọ́ sí i pé òun ò ní pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́?

BàbáAláṣẹ́ kọ:

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ọlọ́run á fún yín lókun. Mo bá àwọn lọ́yà tó ń gbèjà ẹni ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún 17 ní Maryland, èmi ni mò ń wá inú ìwé òfin tí mò ń to ìwé ẹjọ́ jọ fún wọn. Èmi kì í ṣe lọ́yà, mo ti fẹ̀yìn tì. Kí n tó sọ̀rọ̀, ẹ dá mi lóhùn ohun mẹ́ta:

Nígbà tí wọ́n fẹ́ pe ọtẹlẹ̀múyẹ́ yẹn, ṣé adájọ́ ló béèrè fún un, àbí agbẹjọ́rò ìjọba ló fúnra rẹ̀ gbé e wá?

Nígbà tí ó ń jẹ́rìí, kí ni lọ́yà yín sọ gan-an? Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni mo fẹ́ o, kì í ṣe ìtumọ̀ rẹ̀.

Ṣé ibì kan wà nínú ìwé àdéhùn náà tó ní ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ láti fún probation àti kóòtù ní gbogbo ohun tó bá mọ̀ nípa ẹjọ́ náà?

Ẹ̀gbọ́nObìnrin kọ:

Ẹ ṣé, bàbá wa. Adájọ́ kò béèrè ẹnikẹ́ni. Ohun tó kàn sọ ni, "Ǹjẹ́ ìjọba ní ohunkóhun láti sọ?" Òun ló fúnra rẹ̀ ní òun ní ẹlẹ́rìí níta.

Lọ́yà wa dìde, ó ní, "A tako iye owó yìí." Ó tún ní nọ́ńbà tí ọtẹlẹ̀múyẹ́ gbé wá kò dájú, ó bi í ní ìbéèrè márùn-ún tàbí mẹ́fà. Mi ò gbọ́ kó mẹ́nu kan ìpínrọ̀ kẹsàn-án.

Ibi kẹta yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ mú ìwé náà. Ó wà níbẹ̀, ìpínrọ̀ kejìlá. "Ìjọba lè sọ gbogbo òtítọ́ tó kan ẹjọ́ yìí fún kóòtù àti fún probation." Àyà mi já bí mo ṣe kà á.

BàbáAláṣẹ́ kọ:

Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Ẹ jẹ́ ká tò ó.

Ẹjọ́ tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé ni ti Santobello, ní New York, tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá ní 1971. Ọkùnrin yìí gba ẹ̀sùn kékeré kan nípa tẹ́tẹ́, lórí àdéhùn pé agbẹjọ́rò ìjọba kò ní dámọ̀ràn ìyà kankan. Oṣù bíi mélòó kan kọjá, agbẹjọ́rò mìíràn ló wá lọ́jọ́ ìdájọ́, gẹ́gẹ́ bíi tiyín gẹ́lẹ́. Èyí kò mọ ohun tí èkejì ti ṣèlérí, ó ní kí wọ́n fún un ní ọdún kan, tó jẹ́ òpin ìyà ẹ̀sùn náà. Adájọ́ fún un ní ọdún kan, ó sì sọ ní gbangba pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba ló mú òun ṣe é. Síbẹ̀ Adájọ́ Àgbà Burger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ da ìdájọ́ náà nù. Wọ́n ní bí ìlérí ìjọba bá wà lára ohun tó mú ẹnì kan gbà pé òun jẹ̀bi, dandan ni kí ìjọba mú un ṣẹ. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan náà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọwọ́ òsì mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Nítorí náà "agbẹjọ́rò àkọ́kọ́ ti kúrò" kì í ṣe àwíjàre. Ìjọba ló ṣèlérí, kì í ṣe ẹni tó di bírò mú.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ lẹ́tà opó yẹn. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀dùn yín, ẹ jọ̀ọ́. Òfin ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ ti wà láti 2004, ó fún un láṣẹ láti sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́, àdéhùn àbúrò yín kò sì lè dí i lẹ́nu. Bí adájọ́ bá sì bi agbẹjọ́rò ìjọba ní ìbéèrè, òótọ́ ló gbọ́dọ̀ fi dáhùn, kódà bí òótọ́ yẹn bá pa àbúrò yín lára. Ìpínrọ̀ kejìlá yín, ohun tó wà fún nìyẹn.

Àmọ́ sísọ òótọ́ yàtọ̀ sí jíjà. Bí mo bá ṣèlérí fún yín pé mo gbà pé owó náà kò ju 250,000 lọ, mi ò lè wá lọ gbé ẹlẹ́rìí jókòó kí ó fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé 612,000 ni, tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Òótọ́ ti wà nínú ìwé probation, adájọ́ ti kà á. Kí ni ìjọba ń fi ẹlẹ́rìí ṣe mọ́? Àwọn kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ti sọ ọ́ léraléra pé kí ìjọba máa fẹnu pe àdéhùn kí ó sì máa fi ìwà bà á jẹ́, ìyẹn gan-an ni yíyẹ àdéhùn. Ibi tí ẹjọ́ yín ti lágbára nìyẹn. Gbogbo ẹ̀ wá rọ̀ mọ́ gbólóhùn kan tí ẹ sọ, pé "adájọ́ kò béèrè ẹnikẹ́ni." Ẹ gbọ́dọ̀ rí i nínú àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ kóòtù kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Àwa tí a jókòó sẹ́yìn nínú kóòtù kì í gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ níwájú.

Ohun tó dùn mí nínú ìdáhùn yín ni ti lọ́yà. Ó tako iye owó, kò tako yíyẹ àdéhùn. Ẹ lè rò pé ohun kan náà ni. Lójú òfin, ọ̀nà wọn jìn síra. Ní 2009, nínú ẹjọ́ Puckett, ọkùnrin kan láti Texas, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní bí lọ́yà kò bá là á mọ́lẹ̀ ní kóòtù pé "ìjọba ń yẹ àdéhùn", òṣùwọ̀n tó le jù ni wọn yóò fi gbọ́ ọ ní kòtẹ́milọ́rùn. Ẹ ó ní láti fi hàn pé àṣìṣe náà hàn gbangba, pé ó pa á lára, pé ìdájọ́ ìbá yàtọ̀ bí kò bá sí i. Àǹfààní Santobello tó sọ pé kò kàn wá bóyá ó nípa lórí adájọ́, ó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò tako ó lákòókò. Puckett fìdí rẹmi níbẹ̀. Òun náà ti ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ tuntun kí wọ́n tó dájọ́ rẹ̀, ìyẹn bà á jẹ́ fún un. Àbúrò yín kò ṣe bẹ́ẹ̀, àbí? Adájọ́ yín sì ti ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gba ẹ̀rí ọtẹlẹ̀múyẹ́ gbọ́, orí rẹ̀ ló gbé ìdájọ́ lé. Ìyẹn lè ràn yín lọ́wọ́ láti fi hàn pé ẹ̀rí yẹn ló gbé oṣù 15 dé 33.

Ẹ wá gbọ́ èyí, torí ọjọ́ kò dúró. Ọjọ́ 14 péré ni ẹ ní láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti tẹ ìdájọ́ sínú ìwé kóòtù, kí ẹ fi sọ pé ẹ fẹ́ pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ọjọ́ kẹfà lẹ wà. Ìwé tí ẹ ó fi sílẹ̀ yìí kò ju ojú ewé kan lọ: orúkọ rẹ̀, ìdájọ́ tó ń tako, kóòtù tó ń gbé e lọ. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé kóòtù tó dájọ́ náà ni wọ́n ń fi sílẹ̀ sí. Bó ti fọwọ́ sí i pé òun ò ní pe ẹjọ́ kò sọ pé kí lọ́yà kọ̀. Ní 2019, nínú ẹjọ́ Garza ti Idaho, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní bí oníbàárà bá ní kí lọ́yà fi ìwé yẹn sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ó ti fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ kóòtù sì gbà pé bí ìjọba bá ti yẹ àdéhùn, kò lè tún fi àdéhùn yẹn kan náà dí ẹnu ẹni tó yẹ̀ ẹ́ sí.

Àbúrò yín fúnra rẹ̀ ni kó sọ ọ́ fún lọ́yà, lórí ìwé, kó kọ déètì sí i. Ẹ̀yin kọ́ ni oníbàárà, ẹ̀yin kọ́ lẹ lè pàṣẹ. Bí lọ́yà bá ń fà á, kí òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ nínú àtìmọ́lé, kí ó fà á lé àwọn tó ń bójú tó lẹ́tà níbẹ̀ lọ́wọ́, kó kọ ọjọ́ tó fà á lé wọn lọ́wọ́ sí i. Fún ẹlẹ́wọ̀n, ọjọ́ tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ni òfin ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tó dé kóòtù.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí mo fẹ́ kí ẹ jókòó gbọ́. Bí ẹ bá borí, ọ̀nà méjì ló wà: kí wọ́n dá a padà fún adájọ́ mìíràn kó tún dájọ́, kí ìjọba sì ṣe ohun tó ṣèlérí lọ́tẹ̀ yìí, tàbí kí àbúrò yín yọ "mo jẹ̀bi" rẹ̀ kúrò, kí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó sáré béèrè ọ̀nà kejì nítorí ìbínú. Àwọn ẹ̀sùn mẹ́ta tí wọ́n fà sẹ́yìn yóò padà wá. Ẹ̀sùn lílo orúkọ ẹni ẹlẹ́ni lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, bó bá jẹ́ oríṣi èyí tó wọ́pọ̀ nínú ẹjọ́ jìbìtì, ọdún méjì gbáko ni, adájọ́ kò lè dín in kù, wọn kì í sì í jẹ́ kó bá ìyà mìíràn rìn pọ̀. Lórí gbogbo ìyókù ni wọ́n ń kó o lé. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó yọ "mo jẹ̀bi" rẹ̀, tó sì kábàámọ̀ rẹ̀ títí di òní. Ìdájọ́ tuntun níwájú adájọ́ mìíràn ni kí wọ́n béèrè.

ẸniTóTiBọ̀ kọ:

Ẹ kú àárọ̀, àǹtí. Èmi ti ṣẹ̀wọ̀n oṣù 41 lórí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, mo jáde ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ tí bàbá wa sọ.

Mo fẹ́ sọ tèmi kí ẹ lè mọ ìyàtọ̀. Ìjọba ṣèlérí fún mi pé àwọn á dámọ̀ràn ibi tó kéré jù. Lọ́jọ́ ìdájọ́, obìnrin tó wá ṣojú ìjọba dìde, ó ní, "Ìjọba dámọ̀ràn ibi tó kéré jù lórí òṣùwọ̀n, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn," ó sì jókòó. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Kò sọ ìdí. Kò sọ pé mo ti ń san owó padà. Ojú rẹ̀ kò rí bí ojú ẹni tó fẹ́ kí wọ́n ṣàánú mi. Adájọ́ fún mi ní òkè pátápátá. Mo bínú débi pé mi ò lè jẹun. Mo ní kí lọ́yà mi pe ẹjọ́, pé obìnrin yẹn ti yẹ àdéhùn.

Lọ́yà mi ló wá ka ẹjọ́ Benchimol fún mi, ti 1985. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní bí ìjọba kò bá ṣèlérí pé òun máa sọ ọ́ tìtara-tìtara, tàbí pé òun máa ṣàlàyé ìdí, kò sí ẹni tó lè fipá mú un ṣe é. Ó sọ gbólóhùn tó ṣèlérí, ó tán. Mo pe ẹjọ́ náà síbẹ̀síbẹ̀, mo fìdí rẹmi, ó sì gba oṣù mẹ́rìnlá kí wọ́n tó dá mi lóhùn.

Ohun tí wọ́n ṣe fún àbúrò yín yàtọ̀ sí tèmi. Tèmi dákẹ́. Tiyín sọ̀rọ̀, ó tún pe ẹlòmíràn wá bá a sọ ọ́. Bí ó bá ti dákẹ́ lẹ́yìn "ìjọba dúró lórí àdéhùn rẹ̀", ẹ ò ní ní ẹjọ́ kankan, bó ti wù kó dùn yín tó.

Ẹ sọ fún un kó má sọ̀rọ̀ ẹjọ́ lórí fóònù àtìmọ́lé. Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń gbà sílẹ̀. Bó bá fẹ́ bá yín sọ ọ̀rọ̀ àdéhùn, kó kọ lẹ́tà sí lọ́yà. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ohùn yín lórí fóònù, ẹ bi í bó ṣe sùn, bó ṣe jẹun. Ẹ fi owó sínú àkáǹtì rẹ̀ kó lè ra ọṣẹ àti ìwé ìkọ̀wé. Oṣù àkọ́kọ́ ló le jù.

Lọ́yàÌbàdàn kọ:

Ẹ̀yin ará, mo wà nílé níbí, mo sì ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn. Mi ò ní í dá sí òfin Amẹ́ríkà, bàbá wa ti ṣe é dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n kàn sọ ohun tí òfin wa sọ, nítorí mo mọ̀ pé àwọn ẹbí yín ní Nàìjíríà yóò máa bi yín léèrè bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni nílé.

Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ti 2015, apá 270, ló ń darí irú àdéhùn yìí. Ibì kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an. Bí adájọ́ bá rí i pé ìyà tó wà nínú àdéhùn kéré jù, kò lè kàn jókòó kó fi kún un. Ó gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ṣáájú pé ìyà tí òun rò pé ó tọ́ nìyí. Ẹni náà lè wá yàn: kó dúró lórí "mo jẹ̀bi" rẹ̀, tàbí kó fà á padà. Bó bá fà á padà, adájọ́ mìíràn ni yóò gbọ́ ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ dárúkọ àdéhùn náà mọ́ níbẹ̀.

Níbi tí àbúrò yín wà, ó jọ pé irú àdéhùn tí kò de adájọ́ ni wọ́n bá a ṣe. Ṣé òótọ́ ni, bàbá wa?

BàbáAláṣẹ́ kọ:

Òótọ́ ni, lọ́yà wa, ó yẹ kí n ti sọ ọ́. Òfin kọkànlá ti ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ní ìjọba àpapọ̀ pín wọn sí oríṣi. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní C, ìjọba àti olùjẹ́jọ́ jọ fohùn ṣọ̀kan lórí ìyà kan pàtó. Bí adájọ́ bá gbà á, ó ti dè é. Bí kò bá gbà á, olùjẹ́jọ́ lè yọ "mo jẹ̀bi" rẹ̀ kúrò. Ìyẹn ló súnmọ́ ohun tí ẹ sọ nípa Nàìjíríà. Èyí tí wọ́n ń pè ní B, ìjọba kàn ń dámọ̀ràn ni, adájọ́ lè kọ ọ́, olùjẹ́jọ́ kò sì lè yọ ara rẹ̀ nítorí pé adájọ́ kọ ọ́. Ti àbúrò yín, B ni, bí mo ṣe rí i. Ìdí nìyẹn tí a kò fi lè bá adájọ́ jà pé ó fi oṣù 33 lé e. Ẹ̀tọ́ adájọ́ ni. Ìjọba la ń bá jà. Adájọ́ kò ṣèlérí kankan, ìjọba ṣèlérí.

Ẹ jọ̀ọ́, ìyá wa, ṣé ọmọ ìlú níbí ni àbúrò yín àbí gíríìn káàdì ló ní?

Ẹ̀gbọ́nObìnrin kọ:

Gíríìn káàdì ni, bàbá. Èmi ni mo fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn tí mo di ọmọ ìlú. Ọdún mẹ́tàlá la fi dúró kó tó wọlé.

BàbáAláṣẹ́ kọ:

Ẹ wá lọ́yà ìwọ̀lú lọ́tọ̀, kí ẹ má dúró de kòtẹ́milọ́rùn. Jìbìtì tí owó rẹ̀ bá ju 10,000 dọ́là lọ wà lára ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n fi ń lé èèyàn padà sílé, ìbáà jẹ́ oṣù 15 tàbí 33 ló ṣe. Láti ọdún 2010, nínú ẹjọ́ Padilla, ó ti di dandan kí lọ́yà kìlọ̀ fún oníbàárà nípa rẹ̀ kó tó gba ẹ̀sùn. Ẹ bi àbúrò yín bóyá lọ́yà rẹ̀ sọ ọ́ fún un, kí ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Mi ò fẹ́ da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ẹ jẹ́ ká parí ti àdéhùn ná.

Ẹ̀gbọ́nObìnrin kọ:

Ẹ̀yin ará, mo ní kí n padà wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Mo lọ rí i ní àtìmọ́lé. Gíláàsì ló wà láàárín wa. Mo ka ohun tí bàbá kọ fún un láti inú ìwé tí mo dà á kọ sí, ó sì ń mi orí. Nígbà tí mo dé ibi tí bàbá ti ní kó má yọ "mo jẹ̀bi" rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní yọ ọ́. Mo ṣe é. Kí wọ́n ṣáà ṣe ohun tí wọ́n ní àwọn á ṣe." Mo bojú wẹ̀yìn kó má baà rí omi ojú mi.

Ó kọ lẹ́tà sí lọ́yà lọ́jọ́ kẹjọ. Lọ́yà fi ìwé kòtẹ́milọ́rùn sílẹ̀ lọ́jọ́ kọkànlá, mo rí òǹtẹ̀ kóòtù lórí rẹ̀. Mo bi í tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ nípa àtakò tí kò sọ. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní ó yẹ kí òun ti sọ ọ́, pé ojú òun wà lára nọ́ńbà. Ó ní òun á ní kí kóòtù fún un ní lọ́yà mìíràn fún kòtẹ́milọ́rùn, nítorí kò bójú mu kí òun jẹ́ ẹni tí yóò wí pé òun gbàgbé. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn.

Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ kóòtù wọlé ní àná. Mo fi owó iṣẹ́ alẹ́ mẹ́rin san án. Ojú ewé 61 ni. Mo jókòó sórí tábìlì ilé ìdáná yẹn kan náà, mo wá ibẹ̀ dé ojú ewé 22. Adájọ́ béèrè bóyá ìjọba ní ohunkóhun láti sọ. Agbẹjọ́rò ìjọba dáhùn pé ìjọba dúró lórí àdéhùn rẹ̀. Ìlà tó tẹ̀ lé e, adájọ́ ní, "Ẹ ṣeun, ẹ lè jókòó."

Kò jókòó. Ìlà tó tún tẹ̀ lé e, òun ni: ó ní kí kóòtù tó dájọ́, ìjọba ní ẹlẹ́rìí kan níta.

Bàbá, mo ti fi bírò fàlà sábẹ́ rẹ̀. Mo ti fi àwòrán ojú ewé náà ránṣẹ́ sí lọ́yà tuntun ní agogo mẹ́fà àárọ̀ yìí, kí n tó gbéra lọ síbi iṣẹ́.